Ta Ló Sọ Kilimanjaro Lórúkọ?

Lédè Swahili, mlima ni òkè. Kilima ni òkè kékeré, gegele ilẹ̀ lásán tí ewúrẹ́ lè gùn láì mí hẹlẹ. Báwo ló ṣe wá jẹ́ pé òkè tó ga jù lọ ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà, tó ga tó mítà 5,895, ni wọ́n ń fi kilima pè? Ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tó gbé mi kúrò ní Abẹ́òkúta lọ sí Moshi, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Tanzania, lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìntì. Jọ́gíráfì ni mo fi gbogbo iṣẹ́ tíṣà mi kọ́ àwọn ọmọ. Àwọn ará ilé ní ẹni tí Olúmọ wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀ kò yẹ kó máa náwó lọ gun òkè olókè. Mo ní kí wọ́n ṣáà máa bá mi fún adìyẹ lóúnjẹ.

Ìdajì kejì orúkọ náà, njaro, ló tún wá lọ́jú pọ̀ jù. Johann Ludwig Krapf, ajíhìnrere ará Jámánì tó ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ CMS lẹ́bàá Mombasa, kọ ọ́ sínú ìwé tó jáde ní 1860 pé ó lè jẹ́ òkè títóbi, ó sì lè jẹ́ òkè àwọn èrò, nítorí pé jaro ni ọ̀wọ́ àwọn oníṣòwò tó ń rìn pọ̀, òkè náà ni wọ́n sì fi ń mọ ọ̀nà láti ọ̀nà jíjìn. Joseph Thomson, ará Scotland tó la ilẹ̀ Maasai kọjá, kọ ní 1885 pé funfun ni njaro láyé àtijọ́. Àwọn kan tún dé, wọ́n ní iwin ni: Njaro ni ẹbọra tó ń rán òtútù sí ẹni tó bá gòkè. Àwọn Maasai ní tiwọn kò bá wọn dá sí i. Ol Doinyo Oibor ni wọ́n ń pè é, òkè funfun, ó tán. Àwọn Chagga tó ń gbé ẹsẹ̀ òkè náà gan-an sì wà tí wọ́n ní èdè tiwọn ni wọ́n bà jẹ́ di Kilimanjaro: ohun tó borí àwọn èrò, èyí tí ọ̀wọ́ oníṣòwò kò lè gùn. Àwọn ẹlòmíràn nínú wọn ní ẹyẹ ni kò lè fò ó kọjá, kì í ṣe èrò.

Èmi kò gba ti iwin yẹn gbọ́. Iwin tó bá lágbára tó bẹ́ẹ̀ yóò ní àlọ́, yóò ní èèwọ̀, yóò ní ẹni tó ń bọ ọ́. N kò rí ẹnì kan ní Marangu, lẹ́sẹ̀ òkè náà, tó pa àlọ́ Njaro fún mi. Ti èrò ọ̀nà ló wọ̀ mí létí, bóyá ti Krapf ni o, bóyá ti àwọn Chagga ni, nítorí pé lójú ọ̀nà ni orúkọ náà ti jáde wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe yé mi. Marangu jẹ́ abúlé tó tutù, oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kọfí ló bo gbogbo rẹ̀, omi sì ń ṣàn kọjá ẹ̀gbẹ́ ilé nínú mfongo, ìyẹn àwọn ojú omi tí àwọn baba wọn fọwọ́ gbẹ́ láti inú igbó òkè wá sí oko. Màmá àgbà kan ń ta mbege níbẹ̀, ọtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi ọkà wẹ́wẹ́ kan tó jọ jéró pọn. Mo ní kí afinimọ̀nà mi bá mi fi èdè Chagga bi í, kí ni wọ́n ń pe òkè yìí nígbà tó wà lọ́mọdé. Màmá náà wo òkè, ó wojú mi, ó wá béèrè pé, "Èwo nínú wọn?"

Mẹ́ta ni wọ́n lóòótọ́. Iná ló tú wọn jáde láti inú ilẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àkókò tirẹ̀. Shira ló dàgbà jù, ó ti wó lulẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn, ó ti di pẹ̀tẹ́lẹ̀ gíga. Mawenzi wà ní ìlà-oòrùn, mítà 5,149, gbágungbàgun bí eyín arúgbó. Kibo ló wà láàárín, òun ló dé fìlà funfun. Àwọn onímọ̀ ní láti ara kipoo ni Kibo ti wá, ohun tó ní àmì tótòtó, nítorí àwọn òkúta dúdú tó ń yọjú láàárín òjò dídì. Kimawenzi sì ni èyí tí orí rẹ̀ fọ́. Orúkọ ẹni tó ń wo nǹkan láti oko rẹ̀ láràárọ̀ nìyẹn. Àwọn Chagga kò sì wà lábẹ́ ọba kan ṣoṣo nígbà náà. Machame ní Mangi, ìyẹn ọba, tirẹ̀, Kibosho ní tirẹ̀, Moshi, Marangu, Kilema, Rombo, wọ́n ń bá ara wọn jagun, wọ́n ń kó ara wọn ní màlúù. Kí ni irú wọn yóò fi orúkọ kan ṣoṣo ṣe fún gbogbo òkè náà pátá? Ẹni tó wà ní Mombasa tàbí Pangani, tó ń bọ̀ wá ra eyín erin, tó ń rí gbogbo rẹ̀ pọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán láti inú aginjù, òun ló nílò orúkọ kan.

Ọ̀nà àwọn èrò yìí náà ni Òyìnbó gbà dé ibẹ̀, ìtàn náà sì kan ilé wa díẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1848, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún ìyá Àjàyí Crowther ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hannah. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún, òjíṣẹ́ CMS mìíràn, Johannes Rebmann, ń rìn lọ sí ilẹ̀ Chagga láti etíkun ìlà-oòrùn. Wọ́n ní agboòrùn ló mú dání níbi tí àwọn ẹlòmíràn ti ń mú ìbọn. Bwana Kheri ló ń mú un lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ó rí ohun funfun kan lórí òkè, ó rò pé ìkùukùu ni. Ó bi ẹni tó ń fọ̀nà hàn án. Onítọ̀hún ní beredi ni, òtútù. Rebmann wá mọ̀ pé òjò dídì ni.

Nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, ó tún sọ ohun tó gbọ́ nípa ọba Machame kan tó rán àwọn ọmọkùnrin lọ wo ohun tó ń dán lókè yẹn, bóyá fàdákà ni. Ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ló padà wálé, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti kákò. Nítorí náà, kì í ṣe Òyìnbó ló kọ́kọ́ fẹ́ mọ ohun tó wà lórí Kibo. Ọba kan ti rán ènìyàn síbẹ̀, ó sì san owó rẹ̀ jù.

Nígbà tí CMS tẹ ìròyìn Rebmann jáde ní London ní 1849, William Desborough Cooley fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀mọ̀wé jọ́gíráfì ni, inú ìwé ló ti mọ Áfíríkà. Ó ní kò sí bí òjò dídì ṣe lè wà níbi tó súnmọ́ ìlà agbedeméjì ayé tó bẹ́ẹ̀. Mo máa ń lo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní kíláàsì. Tí a bá ti gòkè ní mítà 1,000, òtútù yóò ti fi nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 6 lé sí i. Kí ọmọ kíláàsì kejì mú bírò kó ṣírò rẹ̀ dé 5,895, yóò rí i pé Cooley ìbá ti ṣírò kó tó sọ̀rọ̀. Ní 1862, Karl Klaus von der Decken àti Otto Kersten gòkè dé nǹkan bíi mítà 4,300, òjò dídì sì rọ̀ lé wọn lórí, síbẹ̀ Cooley kò gbà. Rebmann fúnra rẹ̀ kò gun òkè náà rí. Ó lo ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ní ilẹ̀ yẹn, ojú rẹ̀ fọ́ níbẹ̀.

Orúkọ tí àwọn èrò ń pè ni Rebmann àti Krapf kọ sílẹ̀, òun náà ló wọ inú máàpù. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àwọn Chagga nìkan ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Kí Abẹ́òkúta tó dúró, bí ẹ bá bi baba ńlá mi pé irú ẹni wo ni, Ẹ̀gbá ni yóò wí, yóò sì dárúkọ ìlú rẹ̀. Àwọn ará Ọ̀yọ́ ni àwọn Hausa ń pè ní Yariba. Láàárín àwọn CMS ní Freetown ni orúkọ náà ti gbòòrò dé orí gbogbo wa, Crowther sì wà lára àwọn tó mú un gbòòrò: ìwé ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ jáde ní 1843, ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá ló pè é. Lónìí ta ló tún ń bínú sí i?

Ní 1886, Jámánì àti Gẹ̀ẹ́sì fa ààlà láàárín ara wọn, òkè náà bọ́ sọ́wọ́ Jámánì. Ẹ ó gbọ́ ọ ní Moshi pé Ọbabìnrin Victoria ló fi ta ọmọ-ọmọ rẹ̀, Kaiser ọba Jámánì, lọ́rẹ ọjọ́ ìbí. Irọ́ dídùn ni. Ààlà náà wọ́ lóòótọ́ nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ òkè, ṣùgbọ́n ìdúnàádúrà ló wọ́ ọ.

Ẹni tó bá fẹ́ gun òkè yìí lónìí, orí àwọn orúkọ ni yóò máa tẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Kò sí ẹni tí wọ́n máa jẹ́ kó dá lọ. Ó di dandan kí afinimọ̀nà tó ní ìwé àṣẹ mú un lọ, kó sì sanwó fún ọgbà ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1973. Ará Nàìjíríà gbọ́dọ̀ mú káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú dání kí wọ́n tó jẹ́ kó wọ Tanzania. Oṣù kìíní dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, àti oṣù kẹfà dé ìkẹwàá, ni òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ yọni lẹ́nu. Ọ̀nà pọ̀: Machame, Lemosho, Umbwe tó ga gègèrè, Rongai tó gba ẹ̀gbẹ́ Kenya wá. Abẹ́ àgọ́ ni wọ́n ń sùn ní gbogbo ìwọ̀nyí. Marangu nìkan ló ní ilé pákó tó ní bẹ́ẹ̀dì, èmi tí ẹ̀yìn ń dùn kò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tó ti gun Lemosho ní ọ̀nà tiwọn ló dára jù, nítorí ó gùn, ara a máa mọ́ra níbẹ̀ kí wọ́n tó dé ibi gíga. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ.

Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbé ẹrù àwọn aláàárù sórí òṣùwọ̀n. Kò gbọdọ̀ ju kílò 20 lọ lórí ẹnì kan. Ẹ dúró wò ó fúnra yín. Kí ẹ sì bi ilé iṣẹ́ tó ń mú yín lọ ní iye tí wọ́n ń san fún wọn lójúmọ́ kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó bá mi ru ẹrù kí mi pé "Shikamoo, Mama," ìkíni tí wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, mo sì dáhùn pé "Marahaba" bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Bí mo bá ti fẹ́ yára, wọ́n á ní "Polepole, Mama," èmi náà á ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìmọ̀ràn yẹn ju gbogbo oògùn lọ. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́lẹ́ bí a ṣe ń gòkè, ara sì gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ kọ́ bí yóò ṣe máa fi díẹ̀ ṣe púpọ̀. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń sáré kọjá lára wa lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo bá wọn ní Horombo, ibùsùn kejì, tí wọ́n ń bì.

Inú igbó ni ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo rí ẹdun níbẹ̀, ẹran ìbejì, onírù funfun, ó ń fò láti igi dé igi. Mo kí i dáadáa, mo ní ìbejì nílé. Mandara, ní mítà 2,720, ni wọ́n ti ń sùn. Láyé Jámánì, ilé Bismarck ni. Nígbà tí ìjọba di ti àwọn ọmọ onílẹ̀, wọ́n fi orúkọ Mangi Moshi sọ ọ́. Àmọ́ ẹ wò ó: Rindi ni orúkọ Mangi yẹn nílé. Mandara ni àwọn èrò etíkun ń pè é. Èrò ọ̀nà tún ti borí! Ọmọ Rindi ni Mangi Meli, tí àwọn Jámánì so kọ́ sórí igi ní Moshi Àtijọ́ ní oṣù kẹta ọdún 1900, òun àti àwọn aṣáájú mìíràn. Ìdílé rẹ̀ ṣì ń béèrè orí rẹ̀ tí wọ́n ní wọ́n gbé lọ sí Jámánì.

Ilé kejì, Horombo, mítà 3,720, ilé Peters ni tẹ́lẹ̀. Carl Peters, aṣojú ìjọba Jámánì, ló so ìránṣẹ́ rẹ̀ kan kọ́, ó tún so obìnrin kan kọ́, ní ẹ̀gbẹ́ òkè yìí láàárín 1891 àti 1892. Àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní Mkono wa damu, ọlọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀. Ìjọba Jámánì fúnra rẹ̀ lé e lẹ́nu iṣẹ́ ní 1897. Bí wọ́n ṣe yọ orúkọ ọkùnrin yẹn kúrò, tí wọ́n fi ti Horombo, akọni Mangi ilẹ̀ Rombo, sí i, ó tẹ́ mi lọ́rùn ju ti Mandara lọ.

Ẹni tó bá lówó rẹ̀, kó fi ọjọ́ kan kún un ní Horombo kí ara rẹ̀ mọ́ òkè. Ojú Mawenzi hàn kedere níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni afinimọ̀nà mi ti pàtàn rẹ̀ fún mi. Kibo àti Mawenzi jọ jẹ́ aládùúgbò. Iná Mawenzi kú, ó lọ tọrọ ẹyin iná lọ́dọ̀ Kibo. Kibo fún un, ó tún fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ gígún jẹ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà dùn mọ́ Mawenzi lẹ́nu, ló bá mọ̀ọ́mọ̀ pa iná rẹ̀, ó tún padà lọ. Nígbà tó yá, Kibo gbé ọmọ odó, ó lù ú lórí. Ìdí tí orí rẹ̀ fi rí jágajàga nìyẹn. Mo ní ṣé ìdájọ́ yẹn kò pọ̀ jù fún ọ̀gẹ̀dẹ̀? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mama, ẹ ò tíì jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ Kibo ni."

Lẹ́yìn Horombo, igi tán. Ilẹ̀ gbígbẹ ló kù láàárín òkè méjèèjì, pẹ̀lú afẹ́fẹ́, títí dé Ilé Kibo tó ga ju mítà 4,700 lọ. Wọn kì í sùn níbẹ̀ ní ti gidi. Nǹkan bí agogo méjìlá òru ni wọ́n ń jí èèyàn, kí òkúta wẹ́wẹ́ tó wà lójú ọ̀nà ṣì wà ní dídì, kí wọ́n sì lè dé òkè ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Ẹ wọ aṣọ léra. Ẹ fi omi yín sínú aṣọ kó má baà di yìnyín. Bí orí bá ń fọ́ yín, ẹ sọ fún afinimọ̀nà. Bí ẹsẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, tàbí tí ẹ kò lè mí délẹ̀ níbi tí ẹ jókòó sí, ìsàlẹ̀ yá. Oògùn wà, ṣùgbọ́n sísọ̀kalẹ̀ ni ìwòsàn.

Ọ̀nà òru yìí kọjá lẹ́nu ihò àpáta kan tí wọ́n fi orúkọ Hans Meyer pè. Ọmọ ìdílé ìtẹ̀wé ní Leipzig ni. Ó gbìyànjú ní 1887, kò dé òkè. Ní 1888, àwọn tó ń bá Jámánì jà ní etíkun mú un, ó di ẹni tí wọ́n fowó rà padà. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹwàá ọdún 1889, òun àti Ludwig Purtscheller, ará Austria, tẹ ṣóńṣó Kibo. Ó fi orúkọ ọba rẹ̀ pè é, Kaiser-Wilhelm-Spitze, ó sì mú òkúta kan níbẹ̀ lọ fún Kaiser. Muini Amani, ará Pangani, ló ń tọ́jú àgọ́ wọn nínú òtútù yẹn, ṣùgbọ́n kò sí ihò àpáta tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Àwọn ará Marangu sì ní Yohani Kinyala Lauwo, ọmọ wọn, ló fọ̀nà hàn wọ́n. Nígbà tí wọ́n ṣe àyájọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún ìgòkè náà ní 1989, bàbá náà ṣì wà láàyè. Ó kú ní 1996, wọ́n ní ó ti lé ní 120 ọdún. Mo mọ bí a ṣe ń ka ọdún àgbà nílé wa, n kò ní bá wọn jiyàn.

Orúkọ Kaiser kúrò lórí òkè náà nígbà tí Tanganyika, tó di Tanzania lẹ́yìn náà, gba òmìnira. Julius Nyerere ti sọ ní 1959 pé àwọn yóò tan ìmọ́lẹ̀ sórí Kilimanjaro. Lóru ọjọ́ 9 oṣù kejìlá ọdún 1961, ọ̀gágun ọ̀dọ́ kan, Alexander Nyirenda, gbé iná àti àsíá orílẹ̀-èdè tuntun náà débẹ̀. Láti ìgbà náà, Uhuru ni ṣóńṣó yẹn ń jẹ́, òmìnira. Nínú gbogbo orúkọ tó wà lára òkè náà, òun nìkan ni kò sí ẹni tó ń bi mí ní ìtumọ̀ rẹ̀.

Èmi kò dé ibẹ̀. Oòrùn là bá wa ní Gilman's Point, mítà 5,685, létí kòtò ńlá orí Kibo, níbi tí èèyàn ti ń rí yìnyín tó kù. Àwọn onímọ̀ fi máàpù 1912 wé ti 2007, wọ́n rí i pé ó lé ní ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún yìnyín náà tó ti lọ. Bí funfun náà bá tán, ìtumọ̀ Thomson tán nìyẹn, àwọn Maasai náà yóò sì ní láti tún orúkọ wá. Láti Gilman's, wọ́n ń gba Stella Point lọ sí Uhuru, kò sì ga púpọ̀ mọ́. Afinimọ̀nà mi wojú mi, ó bi mí ní orúkọ ìlú mi, mo pẹ́ kí n tó dáhùn. Ó ní, "Mama, ó tó." A yí padà.

Ẹnu ọ̀nà Marangu ni wọ́n ti ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí, ibi tí kálukú bá dé ni wọ́n ń kọ sí i. Tèmi wà lára ògiri pálọ̀ báyìí, Gilman's Point ló wà níbẹ̀. Clement Gillman, ẹnjiníà rélùwéè tó dé etí kòtò yẹn ní 1921, l méjì ló fi ń kọ orúkọ ara rẹ̀. Òkè ti jẹ ọ̀kan.